Ọ̀pọ̀ Bíbí àti Ọ̀pọ̀ Títọ́

Bí ènìyàn bá ní agbára láti mú kí ẹran bí ju bí ó ti máa ń bí lọ, ó ha tọ́ kí ó lo agbára náà?

Ní ọdún 1983 ni abẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Fecundin jáde fún títà ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Nínú ilé-ẹyin abo àgùntàn ni họ́mónù kan wà, androstenedione, èyí tí ó wà lára ìjánu tí ara fi ń dín iye ẹyin kù. Àwọn onímọ̀ so ó mọ́ èròjà kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, wọ́n sì gún un sí àgùntàn lára ṣáájú kí a tó da àgbò sí àárin agbo. Ara ka àdàpọ̀ náà sí àjèjì, ó sì dìde sí i bí ó ti ń dìde sí àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń mú àjèjì náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú họ́mónù tirẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni ìjánu dẹ̀, tí ẹyin kan di méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí ó lòdì sí ìṣẹ̀dá ni èyí. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn àgùntàn Merino kan wà ní ilẹ̀ kan náà, tí a ń pè ní Booroola, tí ń bí ìbejì àti ẹ̀ta òkò láìsí abẹ́rẹ́. Àjogúnbá ni fún wọn. Nítorí náà, ẹ̀bi kò sí nínú ọ̀pọ̀ bíbí fúnra rẹ̀.

Níbo ni ọ̀ràn wà nígbà náà? Ọmú méjì péré ni àgùntàn ní. Abẹ́rẹ́ fi kún ẹyin. Kò fi kún ọmú, kò sì fi kún koríko. Ẹ̀ta òkò a máa kéré, òtútù a sì máa tètè pa wọ́n. Ìyá tí ó rù wọ́n, bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó, lè ṣàìsàn kí ó sì kú kí ó tó bí. Darandaran tí ó bá ń ka iye tí a bí, tí kò ka iye tí ó yè, ẹ̀tàn ni ìṣirò rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé, ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ìdájọ́ wa nìyí: ẹni tí ó ní oúnjẹ, ibi ààbò àti ọwọ́ tí yóò tọ́ aláìníyàá, kí ó lo abẹ́rẹ́ náà láìbẹ̀rù. Ẹni tí kò ní wọn, kí ó jáwọ́. Nítorí ẹni tí ó bá fi kún iye ọmọ, òun ni ó jẹ gbèsè wàrà.