ILÉ TÍ A RÀ NÍTORÍ ILÉ-ÌWÉ

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí èmi náà wá kọ nǹkan, ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjà Kure ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, mo sì rí i pé ó kan púpọ̀ nínú wa.

Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ọjà náà, níbi tó ti ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Orúkọ Gómìnà Abdulkadir Kure, tó ṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ Niger láti 1999 sí 2007, ni wọ́n fi sọ ọjà yìí. Bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, mo máa ń yà síbẹ̀ kí n tó lọ sílé, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ohun tí ìwé ìròyìn kì í gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù àti ṣájà nítòsí wọn wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ dákun, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilẹ̀ méjì ni ejẹ́ǹtì fi hàn mí. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìlú, pulọ́ọ̀tì kan gbáko ni, owó rẹ̀ kò sì ga. Èkejì kò ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ilé-ìwé girama ìjọba tó dára wà nítòsí rẹ̀. Èwo ni kí n rà?"

Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti dá a lóhùn: "Ra ti ilé-ìwé. Ọmọ lo fẹ́ tọ́, kì í ṣe iṣu lo fẹ́ gbìn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta ata ní iwájú wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ tiwa tó wà lẹ́yìn ìlú ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n?" Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ní ìdí tó fi ń wò mí. N ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì rí ẹni tó já a ní koro. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún un wò. Ẹni tó pa á ka ilé sí nǹkan ọ̀tọ̀, ó ka ọmọ sí nǹkan ọ̀tọ̀. Lójú rẹ̀, bí owó bá wà lọ́wọ́ baba, yálà kí ó fi kọ́lé tàbí kí ó fi kọ́ ọmọ. Lóde òní, a ti so méjèèjì mọ́ra: ibi tí a bá ra ilé sí ni yóò sọ irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò rí. Òwe náà kò bá irú èyí pàdé rí.

Àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna, láti ìgbà tí ojú irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano ní nǹkan bí 1911, kò fi ilé-ìwé yan ibùgbé. Ibi tí iṣẹ́ wà àti ibi tí ará ilé ẹni wà ni wọ́n ń wá. Bí ilé-ìwé kò bá sí nítòsí, ọmọ ni wọ́n ń gbé kúrò, kì í ṣe ilé. Wọ́n á fi ọmọ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá tàbí sí ọ̀dọ̀ tíṣà, kí ó máa pọn omi, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa kàwé. Èmi náà gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Mo wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní September 1976 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ U.P.E. sílẹ̀. Nígbà tó di ti girama, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Ọ̀fà, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń jí ní aago márùn-ún ìdájí láti pọn omi kún àmù. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn ọ̀lẹ rárá, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn ọmọ Ọ̀fà fúnra wọn, nínú ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wọn, ni wọ́n dá Ilé-ìwé Girama Ọ̀fà sílẹ̀ ní 1943. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ṣe ní Iléṣà ní 1934. Wọn kò lé ilé-ìwé kiri. Wọ́n mú un wá síbi tí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ni wọ́n.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èmi gan-an ti ṣe é. Ní 2009, ilé àháyà ni èmi àti ẹbí mi wà lẹ́yìn ìlú, ní àdúgbò kan náà tí ìyá aláta yìí ń gbé títí di òní. Àkọ́bí mi wà ní JSS 2 ní ilé-ìwé ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ tó lé ní àádọ́rin ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, àwọn mìíràn ń jókòó sórí bíríkì. Yàrá sáyẹ́ǹsì wà ní títì, aláǹtakùn ló ń gbé inú rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni mí níbẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ fáìlì ni iṣẹ́ mi, mo mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà tí ọ̀gá kankan kò ní lè sọ pé òun kò rí: a ó kọ ọ́, a ó gba ẹ̀dà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀, a ó sì fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó jù ú lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ láàárín ọdún kan àbọ̀. Wọ́n fún wa ní ọgọ́ta àga, wọ́n sì rán olùkọ́ ìṣirò kan wá. Kò tó, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ní 2010, mo yá owó ní kóópẹ́rétíìfù, ìyàwó mi fi èrè èlùbọ́ kún un, a sì ra ilé yàrá mẹ́ta tí wọn kò tíì kọ́ parí ní ibòmíràn nínú ìlú, nítorí pé ilé-ìwé ìjọba tó wà níbẹ̀ dára. Ọmọ mi ṣe dáadáa. Ó jókòó ìdánwò NECO, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Minna níhìn-ín, ó yege, ó sì ti di ẹlẹ́rọ lónìí. N kò kábàámọ̀. Bí wọ́n bá dá mi padà sí 2010, ohun tí mo ṣe náà ni n ó tún ṣe.

Àmọ́ ohun kan wà tí n kò mọ̀ pé mo gbé dání nígbà tí a kó ẹrù. Ẹni tó gba iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́yìn mi jẹ́ ènìyàn rere, awakọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọba. Alága wa, nọ́ọ̀sì kan, kó lọ ní ọdún kejì, nítorí ohun kan náà. Ìpàdé tí à ń ṣe ní táàmù kọ̀ọ̀kan di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì, ọdún mẹ́ta ni ojú ọ̀run fi wà lórí àwọn ọmọ, nítorí kò sí ẹni tó kọ̀wé. Kì í ṣe ọmọ mi nìkan ni mo mú kúrò níbẹ̀. Mo mú lẹ́tà náà lọ.

Ẹnìkan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Òfin U.B.E. ti 2004 sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ibi tí ariwo ti ń wá ni fáìlì ti ń rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Àbúrò ìyàwó mi kan tó ń gbé ní London sọ fún wa pé ní ilé-ìwé ìjọba púpọ̀ níbẹ̀, bí ọmọ bá pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n á wọn bí ilé ọmọ ti jìnnà tó sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ẹni tó bá súnmọ́ jù ni yóò wọlé. Nítorí náà, ilé tó bá wà nítòsí ilé-ìwé rere ń gbówó lórí. Ní ìlú Poole ní 2008, ìgbìmọ̀ ìlú rán ènìyàn láti máa ṣọ́ ìdílé kan, bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń gbé ní àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sọ pé ìṣọ́ náà kò bófin mu. Ìlú Brighton tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kèké ní 2008 láàárín àwọn ọmọ àdúgbò kan náà, kí ó má baà jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ jù ni yóò máa gba àyè. Ní Amẹ́ríkà ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ní ibi púpọ̀, owó orí ilé àdúgbò wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ilé-ìwé àdúgbò. Ní January 2011, ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n ju ìyá kan tó ń jẹ́ Kelley Williams-Bolar sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí pé ó fi àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wọ ilé-ìwé tó dára. Ilé bàbá rẹ̀ o! Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé bàbá ẹni ni ilé ẹni, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ní Minna, n kò tíì rí ẹni tó ń fi tépù wọn ọ̀nà. Owó kẹ̀kẹ́ NAPEP ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀rù sì ti wá di ìwọ̀n kejì. Tẹ́lẹ̀, bọ́díǹ ni ọ̀nà àbáyọ fún òbí tí kò lówó ilé: ọmọ yóò lọ, òbí yóò dúró. Ní February 2021, àwọn agbébọn wọ ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì ìjọba ní Kagara, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 27 lọ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àti ará ilé wọn. Ní May ọdún kan náà, ó kan ilé-kéwú ní Tegina. Ní November 2025, ó kan Papiri. Àbígbẹ̀yìn mi wà ní bọ́díǹ nígbà ti Kagara, ní ibòmíràn. Ọjọ́ kejì ni mo wọkọ̀ lọ mú un. Láti ìgbà náà, ilé-ìwé tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ni gbogbo òbí ń wá, ejẹ́ǹtì ilẹ̀ sì mọ̀. Ẹni tó ń háyà nítòsí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gba ìwé ìkìlọ̀ lọ́wọ́ onílé, nítorí àwa tí a ń bọ̀ pẹ̀lú owó.

Kí ni mo wá sọ fún ọmọkùnrin yẹn? Mo ní kí ó ra ti ilé-ìwé. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ó fi dán ìjọba wò. Ìyá aláta gbọ́ ọ, kò bínú. Ó ní bí òun bá lówó rẹ̀, òun náà ì bá ti lọ. Èyí gan-an ló dùn mí jù.

Ní oṣù tó kọjá, mo bá a lọ sí ilé-ìwé àtijọ́ yẹn, nítorí ọmọ rẹ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti kan òrùlé, ṣùgbọ́n yàrá sáyẹ́ǹsì ṣì wà ní títì. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé mo fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín mélòó ló wà lọ́dọ̀ wa?" Mo ní kò sí. Ó ní òbí àti olùkọ́ nìkan ni ìwé òfin ẹgbẹ́ gbà láyè. Mo ní kí ó bá mi wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò bá àwọn òbí sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà yàrá sáyẹ́ǹsì náà sílẹ̀ dè é.