Ọ̀nà Ọba àti Ọlọ Olóúnjẹ



Nígbà tí Mósè ránṣẹ́ sí ọba Édómù, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú ìwé Númérì, orí 20, kò tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tọrọ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ọ̀nà ni ó tọrọ. Ó ní ọ̀nà ọba ni àwọn yóò gbà. Àwọn kì yóò yà sí oko ẹnikẹ́ni, bí ẹran àwọn bá sì mu omi, àwọn yóò san owó omi náà. Édómù kọ̀, ó sì fi ogun pàdé wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí a fi orúkọ ọba pè, àlejò tí ń kọjá ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ohun tí à ń pè ní dídí ọ̀nà. Nígbà kan, ọ̀nà láti etí ọ̀sà lọ sí òkè ilẹ̀ Yorùbá wà lọ́wọ́ àwọn baba wa. Oníbodè wọn ń gba owó, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò kọjá bí ó ti wù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni Gómìnà Carter ti Èkó dì mú títí ogun fi dé bá wa ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Èmi kò yin ìbọn náà, nítorí èrè òwò ni ó wà lójú àwọn tí ó yìn ín. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ó ṣí lẹ́yìn ogun ni Ìhìnrere gbà wọ ìlú yìí ní gbangba.

Nísisìyí, ẹ wo àwọn títì wa. Ilé oúnjẹ kan yóò kọ́kọ́ gbé àga méjì síta. Láìpẹ́, pákó yóò bo gọ́tà. Òpó mẹ́rin àti pánù yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí yóò fi di ìkórè èkejì, ibi tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ń hó sí. Ọmọ iléèwé yóò bọ́ sí àárín ọ̀kadà. Arúgbó tí ń bọ̀ láti ìsìn ìrọ̀lẹ́ kì yóò rí ibi tí yóò fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀. Omi òjò tí kò rí gọ́tà gbà yóò sì wọ yàrá ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìwé Deutarónómì, orí 27, fi ẹni tí ó ṣi afọ́jú lọ́nà gégùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè bóyá onítọ̀hún ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Àwọn aládùúgbò ń wí pé kí káńsù wá wó gbogbo rẹ̀. Olóúnjẹ ń dáhùn pé, “Ibẹ̀ ni mo ti ń san owó iléèwé ọmọ mi.” Àwọn méjèèjì ń kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Olúwa kan náà, òmíràn kì í sì í kí èkejì mọ́ bí wọ́n bá jáde. Nínú Deutarónómì yìí kan náà, ní orí 24, Mósè kọ̀ fún wa láti gba ìyá-ọlọ tàbí ọmọ-ọlọ ẹlòmíràn dógò, nítorí ẹni tí ó gbé ọlọ gbé ẹ̀mí. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ ṣí ọ̀nà ní láti bèèrè pé níbo ni ọlọ yóò gbé.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2016, a gbọ́ pé ẹnìkan tí ń kiri ọjà ń sá fún àwọn òṣìṣẹ́ KAI ní agbègbè Maryland, ọkọ̀ sì pa á. Inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò jẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, Gómìnà Ambode kéde pé òfin ọdún 2003 yóò múlẹ̀: ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, fún ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Ẹ ṣírò iye ọjà tí ń bẹ nínú igbá onítọ̀hún, kí ẹ tó sọ pé ìdájọ́ náà gún.

Ìlú New York náà rí irú ẹjọ́ yìí. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, wọ́n gba àwọn ilé oúnjẹ láyè láti kọ́ àtíbàbà sí etí títì, èyí tí ó ju 10,000 lọ sì kópa nínú rẹ̀. Àrùn náà rọlẹ̀, àtíbàbà kò kúrò. Aládùúgbò ń kùn nítorí eku àti ariwo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 wọ́n ṣòfin pé kí olúkúlùkù gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó, kí àwọn tí ó wà nínú títì sì kó kúrò nígbà òtútù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dùn mọ́. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé a dá ọjọ́, a sì sọ ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Ní tiwa, ọ̀dọ̀ onílé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ni ó ń san owó ibi tí ó pàgọ́ sí, fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí gọ́tà. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá ìjọ tí ẹ ń gba owó lórí ọ̀nà ọba, ohun tí kì í ṣe tiyín ni ẹ ń tà. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà àgbàlá yín, kí ìkòkò wọlé, kí ẹ sì gba owó tí ó tọ́ sí yín.

Àwa ìjọ pẹ̀lú ń kọ́? Ní ọjọ́ Sátidé, nítorí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, àtíbàbà wa a máa dí títì láti ìgun kan dé èkejì, aláboyún tí a ń gbé lọ sí ọsibítù a sì fi ẹ̀yìn rìn padà. A kì í san ₦90,000. Àlùfáà a tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Ìkórè ọdún yìí kò ní pẹ́ dé. Mo bẹ àwọn wọ́dìn kí wọ́n wọn ojú ọ̀nà kí wọ́n tó háyà àtíbàbà, kí gbogbo òpó rẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àyè kò bá tó, kí a tọrọ pápá iléèwé, kí a sì pe àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà wá ta oúnjẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.