Ta Ni Ó Ń Ru Ẹrù Ìsinmi Wa?

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìparí oṣù keje, ìbéèrè kan a máa dìde láàrin àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ìbéèrè náà ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kó àwọn ọmọ jáde lọ wo òkè àti ihò àpáta, kí wọ́n sì padà ní ìrọ̀lẹ́ láì mú ohunkóhun bọ̀, nígbà tí koríko ń bo oko? Àwọn kan ní ó tọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni a ń fi irú èyí kọ́ ọmọ. A fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa. Àkókò òjò yìí gan-an ni igbó ń kún oko, tí àrùn tí í mú kí èso kòkó dúdú kí ó sì jẹrà lórí igi ń jà. Baba tí ó ń ka ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ tí yóò ro oko kò kórìíra ayọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni ó ń wá.

Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta, ọgbọ́n kò sì sí nínú ìwé nìkan. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ẹ mú àpẹẹrẹ Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní ọdún 1965 ni ọ̀mọ̀wé Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 11,000 ọdún lọ. Ọmọ tí ó ti rò pé ọjọ́ tí a fi ọba àkọ́kọ́ jẹ ni ìtàn ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀, bí ó bá gbọ́ pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ti gbé níbẹ̀ kí ọba tó wà, kò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà a gbà pé ìsinmi tọ́. Ohun tí ó kù tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, ejìká ta ni a gbé ìsinmi náà lé?

Ẹ jẹ́ kí a wo Òkè Ìdànrè, tí ẹni tí ó ti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó lọ lè dé kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ibi ìsinmi márùn-ún ni a sì ṣe sí ojú ọ̀nà. Lókè ni ààfin àtijọ́ Ọwá wà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́. Nítorí níbẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé láti ìran dé ìran, títí di ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Àlejò òde òní san owó, ó gun òkè, ó làágùn, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó sì wí pé òun ṣeré. Obìnrin ìgbà náà lọ́hùn-ún tí ó ru ẹrù gun òkè kan náà, òun pẹ̀lú làágùn, ṣùgbọ́n kò pè é ní eré.

Kí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Òógùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ àlejò ní ibi ìsinmi kejì, ó lè yí padà. Kò sí ẹni tí ebi yóò pa nítorí rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè kò lè yí padà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dúró de oúnjẹ. Agbára láti yí padà yìí ni a ń pè ní ìsinmi.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí a wá ẹni tí kò lè yí padà ní ọjọ́ tí àwa ń ṣeré. A ó rí ìyá tí ó jí kí àkùkọ tó kọ láti se ìrẹsì tí a ó jẹ. A ó rí awakọ̀. A ó rí ọmọdékùnrin tí ó ru omi wa, tí ó ń fi ẹrù gun àtẹ̀gùn kan náà tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹ̀rín gùn. A ó sì rí ọmọ tí ó kù sílé nítorí pé kò rí owó ọkọ̀ san. Lójú rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti máa ròyìn òkè náà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé.

Òfin ọjọ́ ìsinmi tí a ń kà nínú ìwé Ẹ́kísódù mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú. Kò fi ìsinmi fún baálé nìkan. Ó ka ọmọ-ọ̀dọ̀, àlejò, àti ẹran ọ̀sìn pàápàá mọ́ ọn. Ó rọrùn fún baálé láti jókòó kí ó máa wí pé òun ń sinmi, nígbà tí gbogbo ilé ń sáré nítorí rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé a ti san owó fún wọn. Ó dára, awakọ̀ àti aláàárù ní ọmọ láti bọ́, bí a kò bá sì jáde rárá, owó kò ní wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n owó nìkan kì í parí gbèsè láàrin ènìyàn àti ènìyàn. Ǹjẹ́ a fún wọn jẹ nígbà tí a jẹun? Ǹjẹ́ a ní kí aláàárù sọ ẹrù kalẹ̀ ní ibi ìsinmi, kí ó jókòó bí àwa? Ọjọ́ wo ni ọmọ ẹni tí ó se oúnjẹ yóò rí orí òkè náà?

Òkè pàápàá ní onílé. Ní oṣù karùn-ún ni àwọn ará Ìdànrè ń ṣe ọdún Orósùn, láti ọdún 2007 sì ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa dárúkọ fún UNESCO pé ó yẹ kí a pa mọ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó kọ orúkọ sára àpáta, tàbí tí ó ju ọ̀rá omi sí ojú àtẹ̀gùn, ti gbé ìsinmi tirẹ̀ lé orí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ tí yóò sì ṣà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ yan ọjọ́ tí kò ní pa iṣẹ́ oko lára. Ẹ dúró de àwọn ọjọ́ tí òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, nítorí àpáta tí ó tutù a máa yọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé omi ara rẹ̀, kí olùkọ́ náà gbé tirẹ̀. Kí a máa dá owó díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ó má ṣe jẹ́ pé àpò baba ni yóò yan ọmọ tí yóò rí òkè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi òkè yangàn sí ẹgbẹ́ yín tí kò lọ. Ẹ ròyìn rẹ̀ bí ẹni tí ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹun.

Bí a bá sì padà ní ìrọ̀lẹ́, kí a bi ara wa pé, ta ni ó rẹ̀ lónìí nítorí wa? Bí a bá mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀la ni ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀, àwa ni ó sì yẹ kí a ru ẹrù náà.