Ọ̀rá Tí A Gbìn Sójú: Báwo Ni Yóò Ti Pẹ́ Tó?

  

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i. Ẹnì kan ni ó gbé e wá bá mi, mo sì kọ́kọ́ dá a lóhùn lọ́nà tí kò tọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ ní ilé kéwú ni. Ó ti di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ tí ó wọ̀ ní ìjàǹbá. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, egbò náà sì jinná, ṣùgbọ́n ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ti bàjẹ́. Ojú ibẹ̀ jìn wọnú bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Òun àti ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ kéwú ti ń jókòó dè mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Ùstáàsì, àwọn dókítà ní àwọn lè fa ọ̀rá láti itan mi, kí àwọn fi dí ibi tí ó jìn yìí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọ̀rá náà kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá ní pẹ́, ṣé bíi làálì ni kí n kà á sí, àbí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni?"

Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Mo ní: "Harámù ni. Fi ojú rẹ sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ẹ." Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó fa hìjáàbù rẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà bí ó ti máa ń ṣe, wọ́n sì lọ.

N kò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ti dáhùn kí n tó gbọ́ ìbéèrè. Mo padà sídìí àwọn ìwé, mo sì lọ bá dókítà kan tí a jọ wà ní yunifásítì. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1893, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Gustav Neuber, mú ọ̀rá láti apá aláìsàn, ó fi dí ojú àpá tí ó jìn ní ojú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n ń gbìn láyé ọjọ́un ni ó máa ń yọ́ dànù. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sókè ni dókítà kan ní New York, Sydney Coleman, mú ètò gidi bá iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò fa ọ̀rá láti ikùn tàbí itan. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tí ń yí bìrí ya omi àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì máa fi í sí ojú ní díẹ̀díẹ̀, ní ìpele ìpele, láìdá a jọ sójú kan.

Ìdí tí wọ́n fi ń pín in wẹ́wẹ́ ni èyí. Ọ̀rá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nípò dà bí ọ̀gbìn ata tí a tú lọ gbìn sí ibòmíràn. Kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Omi ara tí ó bá rin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ara ẹran tí ó yí i ká ni ó fi ń mí, títí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò fi hù wọ inú rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò yè. Èyí tí ó bá jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ yóò kú, ara yóò sì gbé e mì, tàbí kí ó di kókó líle lábẹ́ awọ.

Nítorí náà, báwo ni yóò ti pẹ́ tó? Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ojú yóò wú, yóò sì kún ju bí a ti fẹ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí yọ̀ tàbí kí ó bẹ̀rù. Láàrin oṣù 3 sí oṣù 6, wíwú á ti lọ, èyí tí yóò kú á ti kú, ohun tí ó bá kù ni a lè pè ní èrè iṣẹ́ náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń tó nǹkan bí ìdajì ohun tí a gbìn. Ti ẹlòmíràn kì í tó bẹ́ẹ̀, ti ẹlòmíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń dì í mú ju ètè lọ, nítorí ètè kì í sinmi. Ẹni tí ń mu sìgá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó bọ́ ọ kù. Òmíràn yóò ní láti padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá yè ti di ara ènìyàn nìyẹn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí onítọ̀hún bá sanra, ọ̀rá ojú náà yóò sanra. Bí ó bá rù, yóò rù. Bí ó bá ń dàgbà, ojú náà yóò máa dàgbà lọ, nítorí pé ọ̀rá tí a gbìn kò dá ọjọ́ ogbó dúró. Ewu sì wà nínú rẹ̀: ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ní ojú, ó lè gbé ìríran ènìyàn lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ onímọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé onídìrí.

ṢÉ PÍPẸ́ NI Ó Ń MÚ NǸKAN DI HARÁMÙ?

Ọmọ yẹn kò béèrè ìsọkúsọ. Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ náà wo ọ̀rọ̀ pípẹ́. Nínú Súúrà Nísáì, àáyà 119, Ọlọ́hun sọ fún wa pé èṣù búra láti pàṣẹ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Nígbà tí Imáámù Al-Qurtubi ń túmọ̀ àáyà yìí, ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n sọ pé ohun tí ó máa ń wà lára títí ni èèwọ̀ náà dé orí rẹ̀, àti pé ohun tí kì í pẹ́, bíi tìróò tí obìnrin fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, kò sí nínú rẹ̀.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rá tí a gbìn, kò ní dúró sójú kan. Ìdajì rẹ̀ a máa lọ bíi làálì, ìdajì a sì máa gbé ara bí ẹran. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò burú nítorí pé kì í pẹ́, kò mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹni tí ó bá sì ní harámù ni nítorí pé ó ń pẹ́, kí ó rántí pé egungun tí dókítà tò pẹ̀lú irin ń pẹ́ jù ú lọ, kò sì sí àáfà tí yóò ní kí a má to egungun. Pípẹ́ nìkan kò lè parí ẹjọ́ yìí.

Ohun tí ó lè là á ni ìdí tí a fi ń ṣe é. Nínú hádíìsì tí Abdullahi ọmọ Mas'ud gbà wá, èyí tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, ègún dé orí àwọn obìnrin tí ń la àárín eyín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé hádíìsì náà sọ ìdí rẹ̀: nítorí ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe é. Imáámù An-Nawawi tọ́ka sí ibẹ̀ gan-an, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìwòsàn tàbí àléébù ara eyín ni ó fà á, kò sí láìfí.

Ẹ sì wo Arfaja ọmọ As'ad, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kulab, kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, imú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ni ó sọ fún un kí ó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ wúrà kò sì tọ́ sí ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ànábì kò sọ fún un pé kí ó fi imú rẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ẹ. Ó dùn mí nígbà tí mo dé ibẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí èmi sọ fún ọmọ yẹn gan-an nìyẹn.

Láyé ìsinsìnyí pàápàá, ní oṣù July 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fíkíhì lágbàáyé jókòó ní ìlú Putrajaya ní Malaysia lórí iṣẹ́ abẹ ẹwà. Wọ́n gbà pé a lè tún ohun tí ìjàǹbá, iná tàbí àìsàn bàjẹ́ lára ṣe, kí ó lè padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí. Wọ́n kò gba iṣẹ́ abẹ tí ènìyàn fi ń yí ojú tí ó pé padà nítorí ìfẹ́ inú tàbí láti fi jọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba èyí tí a fi ń pa àmì ogbó rẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tiwa níhìn-ín, ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó láti ọdún 1999 tí ó ń tọ́jú àwọn tí àrùn noma jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè wọn. Ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí àrùn náà ń kọ lù. Ta ni yóò dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó wí pé títún ojú rẹ̀ ṣe jẹ́ yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà? Àrùn ni ó yí i padà. Dókítà ń gbìyànjú láti dá a padà ni.

ÌDAJÌ TÓ ẸNÌ KAN, ODINDI KÒ TÓ ẸNÌ KEJÌ

Ìbéèrè kejì wá kù, òun ni ó sì kàn jù nínú wa. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ojú rẹ̀ ńkọ́, tí ó kàn rí ojú ẹlòmíràn nínú fóònù, tí ó ní òun fẹ́ irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìyá ìyá mi kọ pélé. Nígbà ayé tirẹ̀, ojú tí kò ní ilà ni wọ́n ń pè ní òbuṣu, wọ́n sì fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n fi abẹ kọ ẹwà sí i lójú nígbà tí kò lè sọ pé òun kọ̀. Ilà náà kò parẹ́ títí ó fi wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹwà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ ti parẹ́ kí ó tó kú: àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bi í pé ta ni ó ṣe é léṣe. Ní ọdún 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Nàìjíríà wá ka fífín ara àti kíkọ ilà fún ọmọdé léèwọ̀. Ohun tí ayé ń pè ní ẹwà kì í pẹ́ tó ojú tí a fi kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń lé e kò ní dúró, nítorí òun náà kò dúró.

Níbí ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè pípẹ́. Ẹni tí ó ń wá ìwòsàn, bí ìdajì ọ̀rá náà bá yè, yóò ṣọpẹ́, nítorí ihò ti di pẹrẹsẹ díẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ìyìn ènìyàn, bí odindi rẹ̀ bá yè, yóò tún padà lọ, nítorí ìyìn kì í kún inú. Ànábì wa gbà wá níyànjú pé kí a máa lo oògùn, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe ogbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rá wo ogbó sàn ń bá ohun tí kò ní oògùn jà, pẹ̀lú ọ̀rá tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbó.

Ẹ̀yin arábìnrin, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀bi yìí wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀yin arákùnrin, àwa ni à ń dúró síwájú mọ́sálásí tí à ń fi ẹnu wọn ojú ọmọ ọlọ́mọ. Àwa ni a mọ hádíìsì nǹkan mẹ́rin tí a fi ń fẹ́ obìnrin, tí Ànábì sì ní kí á yan ẹlẹ́sìn, tí a kì í rántí ju ẹyọ kan, ẹwà, lọ. Bí ojú wa kò bá rí ju awọ lọ, a kò lẹ́nu láti bá ẹni tí ń tún awọ ṣe wí. Ìwà lẹwà, kì í ṣe obìnrin nìkan ni a sọ ọ́ fún.

Mo lọ sí ilé ọmọ náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, títí kan ewu rẹ̀ àti ìdajì tí yóò lọ. Mo bi í pé ṣé bí ó bá jẹ́ ìdajì náà ni ó kù, kò ní dùn ún. Ó ní: "Ùstáàsì, ìdajì tó mi. Mo kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa wo pátákó tí mo ń kọ̀wé sí ni, kí wọ́n yé bi mí pé kí ló jẹ mí lẹ́rẹ̀kẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó béèrè pé ọdún mélòó ni yóò lò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni ó sọnù tí ẹ fẹ́ gbà padà. Bí nǹkan kan bá sọnù, ẹ wá onímọ̀ àti dókítà tí ó mọṣẹ́, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ó sọnù, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń bi ní ìbéèrè, bíi tèmi, ẹ jókòó, kí ẹ wo ojú ẹni tí ń bi yín kí ẹ tó dáhùn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwà wa dára bí Ó ti jẹ́ kí ìdúró wa dára. Àmín. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.