Iṣẹ́ Tí Ìdérí Bò: Ọmọlúàbí àti Ẹni Tó Ń To Ẹ́ńjìnì

Bí wọ́n bá ti di ẹ́ńjìnì pa tán, ojú kò tún tó inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ín á rí ìdérí tó ń dán, á rí nọ́ọ̀tì tuntun, á rí iye owó lórí rìsíìtì. Kò lè rí bóyá wọ́n wọn bẹ́rìnnì kí wọ́n tó dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ̀ bóyá rìǹgì tí òun sanwó fún gan-an ni wọ́n fi sí i. Ní ìdí iṣẹ́ tí a kò lè fojú rí bẹ́ẹ̀, ìwà ẹni tó ṣe é ni a ń rà. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì alùpùpù ìsáré àtijọ́ to jẹ́ ibi tó dára láti fi ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú alùpùpù kan pàtó. Ọdún 1985 ni Suzuki gbé GSX-R750 jáde, iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tí Etsuo Yokouchi ṣe olórí wọn. Sílíńdà mẹ́rin àti fáàfù mẹ́rìndínlógún ló ní. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ dípò omi: wọ́n ń fọ́n ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì àti sí òkè sílíńdà kí ooru má bàa bà wọ́n jẹ́. Ìgbà tó di ọdún 1992 ni omi gba iṣẹ́ yẹn. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní in ṣì ń gbé e lọ sí Brands Hatch ní Kent, sí Donington Park tàbí sí Cadwell Park, níbi tí ẹni tó bá ti sanwó lè sáré lójú pápá láìbá ẹnikẹ́ni díje. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn tí ọ́ìlì ń tù ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ sípánà ló sì ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ á wá pé tí wọ́n á ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n tún un to. Ta ni kí wọ́n gbé e fún?

Ká ní ọ̀rọ̀ owó nìkan ni, a ò bá ní kí oníbàárà máa ṣọ́ àpò ara rẹ̀. Ó ju owó lọ. Bí kọ́ńróòdù kan, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkí, bá já nígbà tí kíráńkí ń yí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó lè la ara ẹ́ńjìnì, kí ọ́ìlì tú sórí táyà ẹ̀yìn àti sójú pápá. Ẹni tó gùn ún lè ṣubú. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn kò gbọ́ orúkọ ẹni tó to ẹ́ńjìnì náà rí, lè ṣubú pẹ̀lú. Ìwà oníṣẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù lè dé ara ẹni tí kò bá a dá nǹkan pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹnu dídùn mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó bá ń gbé fóònù kíákíá, tó mọ ènìyàn kí, wọ́n á ní ènìyàn dáadáa ni. Ìtẹríba dára lóòótọ́, ó wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́n. Àmọ́ àwọn àgbà tó ka ìtẹríba mọ́ ọmọlúàbí ka òtítọ́ mọ́ ọn, wọ́n ka iṣẹ́ àti akínkanjú mọ́ ọn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí oníṣẹ́ ń sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì rí ẹ́ńjìnì, tó ti ń ṣèlérí agbára tí òun yóò fi kún un, ìlérí ló ń tà. Ìbéèrè ni ẹnìkejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín. Nígbà wo ni wọ́n tú u gbẹ̀yìn? Ṣé ó ń mu ọ́ìlì? Irú èéfín wo ló ń yọ nígbà tí ẹ bá fi iná sílẹ̀ tí ẹ sì tún fún un? Ṣé ẹ fẹ́ fi díje ni, àbí ẹ kàn fẹ́ gbádùn ara yín lópin ọ̀sẹ̀? Lẹ́yìn náà, kó tó tú nọ́ọ̀tì kan, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà tí fáàfù rẹ̀ ti pa dé, á wo bí ó ṣe ń jò tó, á sì dẹtí. Bó bá ń kùn níbi ẹ̀sọ́ọ̀sì, fáàfù ibẹ̀ ló ń jò. Bó bá ń kùn níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, rìǹgì tàbí ara sílíńdà ló ti jẹ. Ẹni tí yóò gba owó ńlá bí iṣẹ́ bá pọ̀, tó wá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tó lè fi hàn pé iṣẹ́ kò pọ̀, ti fi irú ẹni tí òun jẹ́ hàn kó tó mú sípánà.

Òtítọ́ inú iṣẹ́ yìí ní nọ́ńbà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn àyè tó wà láàárín bẹ́rìnnì àti kíráńkí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó rọ̀ bí ìda tí wọ́n ń tẹ́ sójú kíráńkí. Wọ́n á dá bẹ́rìnnì padà, wọ́n á fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ là sílẹ̀, wọ́n á tún tú u, wọ́n á sì wo bí okùn náà ṣe fẹ̀ tó lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ̀ jù, àyè kéré jù. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ọ́ìlì á máa sá lọ, bẹ́rìnnì á sì jẹ. Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni, kò sì sí oníbàárà kan tó máa mọ̀ bí wọ́n bá fò ó. Ẹni tó ṣe é, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún bẹ́rìnnì kọ̀ọ̀kan, ti fún yín ní ohun tí mẹkáníìkì mìíràn lè yẹ̀ wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún kó àwọn ohun àtijọ́ tó yọ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Á sì sọ ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe: sílíńdà GSX-R750 tí ọ́ìlì ń tù ní irin nínú tí wọ́n lè gbẹ́ fẹ̀, kí wọ́n sì fi písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ti ọdún 1996, ohun líle kan ni wọ́n fi kun inú rẹ̀, kò ṣeé gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba méjèèjì lọ́wọ́ yín láìsọ ìyàtọ̀ wọn, ìmọ̀ rẹ̀ tàbí òtítọ́ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó.

Nílé wa, bí a bá fẹ́ mọ oníṣẹ́ ọwọ́, a máa ń bèèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè náà wúlò ní Kent bó ṣe wúlò ní Ìbàdàn, nítorí orúkọ ńlá máa ń rìn ju ẹni tó ni ín lọ. Hideo Yoshimura, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Pop, dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1954, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó ń gbé alùpùpù wá bá a. Ní ọdún 1978, Suzuki GS1000 tó to ẹ́ńjìnì rẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ní Suzuka, lórí pápá tí Honda ni. Iṣẹ́ ló mú kí orúkọ yẹn níye lórí. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ta GSX-R lè fi ẹ̀sọ́ọ̀sì Yoshimura sí i, kó wá fẹnu sọ pé Yoshimura ló to ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ̀sọ́ọ̀sì kò lè jẹ́rìí sí inú ẹ́ńjìnì. Bákan náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: ẹlòmíràn ló ń gbẹ́ sílíńdà, ẹlòmíràn ló ń tún kíráńkí ṣe. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àbùkù wà nínú kí ènìyàn pe iṣẹ́ ẹlòmíràn ní tirẹ̀.

Ti akínkanjú ni a kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yọ ènìyàn. Ó gba ìgboyà láti sọ fún ẹni tó ti kó owó wá pé ara ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti sán, tàbí pé kọ́ńróòdù àtijọ́ yìí kò lè gba agbára tó ń wá. Ó tún gba ìgboyà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oníṣẹ́ pe oníbàárà, kó sọ pé, “Ọwọ́ mi ló ba èyí jẹ́, èmi ni màá san án.” Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn yẹn, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, ewu ń bẹ nínú ẹ́ńjìnì tó bá to.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀. Walter Kaaden ní ilé iṣẹ́ MZ, ní Ìlà Oòrùn Jámánì, ló ṣe ẹ́ńjìnì alùpùpù tí Ernst Degner ń gùn lọ́dún 1961. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, lẹ́yìn ìdíje kan ní Sweden, Degner sá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì gbé ìmọ̀ Kaaden lọ fún Suzuki. Ní 1962, òun àti Suzuki gba ife àgbáyé ti 50cc. Oṣù tó ṣáájú ìsálọ rẹ̀ ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi Berlin. Mi ò lè dá a lẹ́bi pé ó sá kúrò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó gbé lọ kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó fọkàn tán an ló ni ín, èmi ò sì lè pe èyí ní ìwà ọmọlúàbí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, bí oníṣẹ́ bá ń tú àṣírí ẹ́ńjìnì oníbàárà mìíràn fún yín, ẹ mọ̀ pé yóò tú tiyín náà.

Oníbàárà pàápàá kò gbọ́dọ̀ bọ́ kúrò lórí ìwọ̀n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nínú eré, wọ́n fẹ́ já gíà kan sílẹ̀, wọ́n já méjì. Ẹ́ńjìnì á yí kọjá ààlà rẹ̀, fáàfù á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan písítìnì. Wọn kò ní sọ ọ́. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ní oníṣẹ́ ló bà á jẹ́. Àwọn mìíràn á máa ná iṣẹ́ títí oníṣẹ́ á fi mọ̀ pé àfi kí òun fo ohun kan, wọ́n á wá bínú pé ó fò ó. Ẹni tó ń wá olóòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, kó sanwó tó tó, kó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ tú ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́ wò kó tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti pípẹ́ iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tò ni kì í parí iṣẹ́ lásìkò, bíi télọ̀ nígbà ọdún. Ìdájọ́ tèmi ni pé pípẹ́ àti irọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó pè yín pé rìǹgì kò tíì dé láti Japan, kí ẹ fún òun ní oṣù kan sí i, kò bọ́ lára ọmọlúàbí. Ẹni tó ní ó ti parí, tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nínú páálí, ti bọ́ lára rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní kí ẹni tó gba iṣẹ́ ṣe é pẹ̀lú ìtọ́jú àti ìmọ̀ tó yẹ. Ó dára kí òfin wà. Ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti fọ́ ló ń dé, ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí ni yóò sì bèèrè.

Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ẹ́ńjìnì lé àjèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ kékeré: kó tún àyè fáàfù mẹ́rìndínlógún ṣe, kó sì kọ iye tó bá níbẹ̀ àti iye tó fi sílẹ̀. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọmọlúàbí kì í bínú sí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, torí inú rẹ̀ ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe níbi tí ojú kò dé. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ bèèrè ìwọ̀n ti dáhùn ìbéèrè tí ẹ gbé wá. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì yín, kí ẹ máa lọ.