Ẹran Erin Lórí, Ìrẹ̀ Lẹ́sẹ̀

A kì í ru ẹran erin lérí, ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí ará Amẹ́ríkà kan bá ra ilé orí táyà, èyí tí wọ́n ń pè ní RV, ní owó gọbọi, tó wá ń ṣahun sí owó ẹni tí yóò bá a fà á délé.

Irú tírélà bẹ́ẹ̀ lè wúwo ju pọ́ùn 10,000 lọ. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló yẹ kó tẹ ọkọ̀ náà nídìí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tírélà á máa jù bí ìrù ajá, ohun tí à ń fà á wá fẹ́ máa fà wá.

Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun mọ èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú ni awakọ̀. Àwa tá a ti wọ dánfó rí ò nílò àlàyé. Nítorí náà, kí o tó gbé tírélà rẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, béèrè nọ́ńbà USDOT rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá àwọn akẹ́rù mọ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ìjọba bóyá àṣẹ iṣẹ́ àti ìbánigbófò rẹ̀ ṣì múlẹ̀. Kó tó gbéra, ya fọ́tò tírélà yípo, títí dé òrùlé, níbi tí ẹ̀ka igi ti máa ń họ ọ́.