Sákéù Gun Igi, Ó sì Rí i

Ìpàdé ìjọ kan ní Lọ́kọ́jà ni mo ti gbọ́ òwe náà gbẹ̀yìn, inú mi kò sì tíì rọ̀. Bàbá tó ń darí ìjọ dìde, wọ́n ní níbi àdúrà òru, Ọlọ́run la àwọn lójú, àwọn rí i tí ògo Rẹ̀ bo ilẹ̀ kan lẹ́bàá òkè, ilẹ̀ ọ̀hún sì ni ká rà fún orí òkè àdúrà. Wọ́n ti ṣírò owó rẹ̀. Wọ́n ti pín in: iye tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò dá, iye tí àwọn bàbá yóò dá, títí dórí ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀dọ́bìnrin kan láàárín àwọn akọrin bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn ará wa ní Gánájà tí omi lé jáde nílé, ṣé a ò lè kọ́kọ́ bá wọn tún ilé wọn ṣe?" Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà jókòó, akọ̀wé sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ ìkórè.

N kò ní pẹ́ lórí àwòrán inú òwe yìí, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò yé. Àgbà wà lórí àpótí níwájú ilé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ ó mọ̀ pé òjò tó ṣú yìí kò ní rọ̀, ó sì mọ̀ pé owó ni àna tó ń bọ̀ lókèèrè yẹn fẹ́ wá yá. Ọmọdé wà lókè igi, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àgbà ti rí irú rẹ̀ rí ni. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹni tó ti pẹ́ láyé ló máa ń tètè dá a mọ̀. Nínú ọ̀ràn oko, nínú ọ̀ràn ìgbéyàwó, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí, mo fara mọ́ òwe yìí tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ògo Ọlọ́run wà lára ohun tí ojú ń mọ̀ nítorí pé ó ti rí i rí? Àwọn tí Ìwé Mímọ́ sọ pé wọ́n rí fìrí rẹ̀, òjijì ló bá wọn. Ẹran àna rẹ̀ ni Mósè ń dà nígbà tó rí iná nínú igbó. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn ń ṣọ́ ẹran lóru ni. Ìwé àṣẹ ìfàṣẹmúni wà lọ́wọ́ Sọ́ọ̀lù tó ń lọ sí Dàmásíkù. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó jókòó dè é. Ìgbà tí Mósè sì fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi ògo Rẹ̀ han òun, inú pàlàpálá àpáta ni Ọlọ́run fi í sí, ó fi ọwọ́ bò ó, ẹ̀yìn nìkan ló sì jẹ́ kó rí. Mósè ni mò ń wí, kì í ṣe ọmọ akọrin. Lẹ́yìn èyí ló sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí ojú rẹ̀ ń dán, òun gan-an kò mọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń bà lẹ́rù. Àwọn tí kò gun òkè ló ń rí ògo lára ẹni tó gùn ún, ẹni tó gùn ún kò sì rí nǹkan kan lára ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń pa òwe yìí nínú ìjọ bá mi wá ibi tí ìyẹn wọ̀ nínú òwe rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ àgbà tó jókòó ni wọ́n fẹ́, Bíbélì ní ọ̀kan, Élì àlùfáà. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìgbàkígbà tí a bá pàdé rẹ̀, orí ìjókòó ló ń wà tàbí orí ibùsùn. Orí àga lẹ́bàá òpó ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì ló wà tó ti ń wo Hánà bó ṣe ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Kí ni àgbà jókòó rí? Ọ̀mùtí ló rí, ó sì bá a wí. Obìnrin náà ló fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un pé òun kò mutí, ìbànújẹ́ ọkàn òun ni òun ń tú jáde. Ọmọ tí Hánà wá bí ni Sámúẹ́lì, ọ̀dọ̀ Élì yìí kan náà ló sì dàgbà sí. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí ìran kò wọ́pọ̀ mọ́ nílẹ̀ náà tí ojú Élì sì ti ń ṣú, ọmọ yìí ni Ọlọ́run pè ní orúkọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ sí Élì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà sáré wá bá a, tó rò pé Élì ló pe òun, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni bàbá arúgbó náà fura pé Olúwa ló ń pe ọmọ, ó sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dáhùn. Ibí yìí ni ọgbọ́n àgbà ti wúlò: ó mọ̀ pé ohùn kan ń sọ̀rọ̀ tí òun kò gbọ́, àti pé ọmọdé ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi Ọlọ́run bẹ ọmọ náà pé kó má fi ohunkóhun pa mọ́ fún òun. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni, lórí ilé Élì fúnra rẹ̀, ó sì gbà á láìjiyàn. Élì tí a máa ń bú lórí pẹpẹ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ sàn ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn alàgbà wa lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló tún wà, ẹni ọdún 98, nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn Filísítínì ti gba àpótí ẹ̀rí. Ó ṣubú sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń rọbí lọ́wọ́ ló sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Ísírẹ́lì gan-an. Ó sọ ọmọ tuntun náà ní Ikábódù, nítorí ògo ti lọ.

Ti igi wá ńkọ́? Òwe ní ẹni tó gun igi kò lè rí i. Sákéù gun igi síkámórè ní Jẹ́ríkò, ó sì rí i. Kì í ṣe ọmọdé lóòótọ́, olórí agbowó-òde ni, olówó ni, ṣùgbọ́n ó kúrú, èrò sì dí i lójú. Ohun tó ṣe kò yẹ àgbà rárá. Ẹni tó ní irú owó yẹn kì í gun igi lójú pópó. Àwọn tó dúró dáadáa nísàlẹ̀ tí ọlá wọn pé ló ń kùn nígbà tí Jésù sọ pé ilé rẹ̀ ni òun yóò wọ̀ sí. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni ohun tí ìríran yìí ṣe sí àpò Sákéù. Ìdajì ohun ìní rẹ̀ di ti àwọn tálákà, ẹni tó sì ti rẹ́ jẹ, yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò béèrè ilẹ̀.

Ẹni tó béèrè ilẹ̀ ni Pétérù. Òun àti Jákọ́bù pẹ̀lú Jòhánù bá Jésù gun orí òkè, oorun ń kùn wọ́n, nígbà tí wọ́n la ojú, ògo Rẹ̀ ni wọ́n rí, Mósè àti Èlíjà sì wà níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Pétérù lọ́kàn ni iṣẹ́ ilé kíkọ́: àgọ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lúùkù fi kún un pé kò mọ ohun tó ń sọ. (Mo máa ń rántí gbólóhùn yìí bí mo bá ń gba fọ́ọ̀mù ìdáwó ilé ìjọsìn.) Ìkùukùu bò wọ́n kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, ọmọ alárùn wárápá kan ló wà nísàlẹ̀ tí àìsàn náà ń gbé jù sínú iná àti sínú omi, bàbá rẹ̀ ń sunkún, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó kù kò rí i wò sàn. Kò sí ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà kúrò lórí òkè náà láìkọjá lọ́dọ̀ ọmọ yìí.

Ẹni tó bá ti gun Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́jà rí mọ̀ pé ó rọrùn láti ṣe bíi ti Pétérù. Òkè náà ga tó nǹkan bí 450 mítà sókè òkun. Láti orí rẹ̀, Odò Ọya àti Bẹ́núé tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà jínjìn, wọ́n wá di ọ̀kan níwájú ẹni. Èmi onígbàgbọ́, mi ò lè dúró níbẹ̀ kí n má yin Ẹlẹ́dàá. Lugard, gómìnà ìjọba amúnisìn, náà gùn ún, ó rí i, ilé ìsinmi ló kọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó rẹwà lókè yìí náà ló wọ yàrá àwọn ènìyàn lọ́dún 2012, tó tún padà wọ̀ ọ́ lọ́dún 2022, nígbà tí òjò pọ̀ àpọ̀jù, tí omi dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù sì ń ya gba Bẹ́núé wá bá wa, tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà lọ sí Àbújá. Ẹni tó wà ní Gánájà kò nílò kí a júwe omi náà fún un. Bí ọ̀dọ́bìnrin akọrin yẹn ṣe béèrè ìbéèrè rẹ̀, òun ló wà nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ọmọ tó ń ṣubú sínú omi. Bàbá wa ṣì wà lókè, wọ́n ń ka àgọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé, ṣé gbogbo ọmọdé tó bá ti sọ pé òun rí ni ká máa gbọ́? Ìlú Lọ́kọ́jà yìí gan-an ní ìtàn tó lè fi mú mi. Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìpàdé odò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbẹ̀bẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní ìhà ibí lọ́dún 1862, ọdún méjì kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí ogun sì tú Gbẹ̀bẹ̀ ká, Lọ́kọ́jà ni iṣẹ́ náà kó wá. Lọ́dún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson, wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà. Brooke kò tíì pé ọmọ 30 ọdún. Ìmọ̀lára ìwà mímọ́ ti kún inú wọn, ó dá wọn lójú pé ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ní kò sí lára àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tí Crowther kó jọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, níwájú bíṣọ́ọ̀bù tó ti lé ní 80 ọdún, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, ọmọ rẹ̀ Dandeson wà lára wọn. Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1891. Robinson ti kú ní Lọ́kọ́jà ṣáájú rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Brooke kú níbẹ̀ lọ́dún 1892. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò bíṣọ́ọ̀bù náà.

Ẹ wò ó, ọmọdé gun Pàtí, wọ́n ní àgbà kò ríran, wọ́n sì ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé òwe ló jàre? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Brooke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lé Crowther lórí kò yàtọ̀ sí èyí tí bàbá ìjọ fi pa ọmọ akọrin lẹ́nu mọ́: àwa rí, ẹ̀yin kò rí, nítorí náà ẹ má bi wá. Ọmọ ọdún 25 lè jókòó lórí ìríran rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni ọdún 80 ti lè jókòó. Òwe yìí kò bá wa wí fún ìyẹn, ó tilẹ̀ ń fún un ní àga ni, nítorí ohun tó ń wádìí ni ọjọ́ orí ẹni tó rí, kò wádìí ohun tí ẹni náà rí àti ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àwọn àgbà kan mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìran ọmọdé. Nígbà tí Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n rí áńgẹ́lì níbi ìwọ́de àwọn Àgùdà ní Èkó ní oṣù kẹfà 1925, ọmọ ọdún 17 ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, oníwàásù tó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ náà, ó gbàdúrà, kò sọ pé igi ló gùn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Pé ẹgbẹ́ náà ti pín ní 1929, tí ọ̀rọ̀ ẹni tó dá a sílẹ̀ àti ẹni tí yóò jẹ́ olórí sì wà nínú ìjà náà, fi hàn bó ṣe yá tó kí ìran tó di ìjókòó.

Pọ́ọ̀lù ti ṣe òfin fún irú ìpàdé tí a ṣe yẹn nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹrìnlá. Kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì gbé ohun tí wọ́n sọ yẹ̀ wò. Bí Ọlọ́run bá sì ṣí nǹkan payá fún ẹlòmíràn tó jókòó níbẹ̀, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Kò béèrè ọjọ́ orí ẹni tó jókòó náà, kò sì sọ pé àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú. Láti ọdún tí mo ti ń lọ sípàdé ìjọ, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan ka ẹsẹ yẹn kí wọ́n tó ṣí ìpàdé.